Ẹ lọ wo iṣẹ́ rẹ̀ tó ti pé ọdún méjì: ìdáhùn sí ìyá kan tó ń wá káfíńtà

Ìbéèrè: "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilẹ̀kùn yàrá mi kì í tì dáadáa mọ́, ilẹ̀kùn méjì lára kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ti ń já, pákó etí òrùlé lẹ́yìn ilé sì ti ń jẹrà. Mo tún fẹ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tuntun sára ògiri. Káfíńtà tó ṣiṣẹ́ fún mi kẹ́yìn gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó kó tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ dán lọ́jọ́ tó parí rẹ̀, àmọ́ kò tó ọdún kan tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í là, tó ń kákò. Ẹ̀rù ti ń bà mí láti pe ẹlòmíì. Báwo ni mo ṣe máa mọ ẹni tí mo lè gbé iṣẹ́ fún, báwo la sì ṣe máa jọ ṣe é tí mi ò fi ní kábàámọ̀?"

Ẹ kú ìnáwó, mà, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ yín, ibì kan ṣoṣo ni mo sì ń padà sí: "iṣẹ́ rẹ̀ dán lọ́jọ́ tó parí rẹ̀." Ibẹ̀ ni wàhálà yín ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí iṣẹ́ igi tí kì í dán lọ́jọ́ tó bá parí. Sáńpépà àti fánísì máa ń bo àṣírí, inú onílé á dùn, owó á bọ́ sọ́wọ́ oníṣẹ́, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní iṣẹ́ tán lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Nínú iṣẹ́ tiwa, lẹ́yìn tí gbẹ́nugbẹ́nu bá sọ tiẹ̀ tán, igi fúnra rẹ̀ ṣì ní ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Ó lè tó oṣù mẹ́fà, ó lè tó ọdún kan kó tó lanu. Nítorí náà, ẹ má fi iṣẹ́ tó parí lánàá mọ káfíńtà. Ẹ ní kó mú yín lọ wo èyí tó ti pé ọdún méjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí igi máa ń ṣe láàárín ọdún méjì yẹn, torí òun ló máa jẹ́ kí ìyókù ọ̀rọ̀ mi yé yín.

Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lulẹ̀ kún fún omi. Nínú àwọn igi kan, omi inú rẹ̀ máa ń wúwo ju igi náà lọ. Bó ṣe ń gbẹ, omi tó wà nínú àwọn ihò tín-tìn-tín inú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jáde, igi náà kò sì ní tíì yí padà. Ìgbà tí omi tó kù bá wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìwúwo igi gbígbẹ ni ara igi gan-an á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ìgbà yẹn ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì. Ní gígùn, ẹ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní rí ìyàtọ̀ kankan. Ní ìbú ni gbogbo ìjà wà. Bí àwọn òrùka inú igi ṣe yí po, ó máa ń sún kì lápá ibẹ̀ tó ìlọ́po méjì bó ṣe ń sún kì láti àárín igi lọ sí èèpo. Ìdí nìyẹn tí pákó tó tẹ́ pẹrẹsẹ lónìí fi lè kákò lọ́la bí ewé tó sá sóòrùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní pákó kan fẹ̀ ní mílímítà 300, tí omi inú rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 20 nínú 100 lọ́jọ́ tí wọ́n kàn án mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Nínú ilé tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ díẹ̀, omi yẹn lè wálẹ̀ dé ìdá 10. Fún ọ̀pọ̀ igi, pákó náà á ti fi nǹkan bíi mílímítà 8 kéré sí i. Bí wọ́n bá ti fi ìṣó àti gúlù dè é mọ́lẹ̀ lápá méjèèjì, kò ríbi sún sí. Ó máa là ni. Mi ò tíì fojú rí iṣẹ́ yín, àmọ́ pẹ̀lú àlàyé tí ẹ ṣe, mo gbà pé pákó tútù ni wọ́n fi kàn án.

Káfíńtà yẹn lè má jẹ́ olè o. Pákó tútù rọrùn láti gé, ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, owó rẹ̀ sì máa ń dín. Pákó tí wọ́n tò síta kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́, òṣùwọ̀n tí àwa oníṣẹ́ igi ń fi ọkàn sí ni nǹkan bí ọdún kan fún mílímítà 25 tó bá nípọn sí. Ẹ̀rọ ìgbẹgi lè ṣe é láàárín ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń gbẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tí onílé ń fi ìpè lórí fóònù lé níwá lẹ́yìn kò ní sùúrù ọdún kan. Ohun tó bá rí nílẹ̀ ló máa gbé.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ní abẹ́rẹ́ méjì lórí. Wọ́n máa ń gún un mọ́ ara igi, á sì fi iye omi tó wà nínú rẹ̀ hàn. Fún ohun tó máa gbé inú ilé, láàárín ìdá 8 sí ìdá 12 nínú 100 ló dára jù, ó sì lè fi díẹ̀ lé e níbi tí ọ̀rinrin bá pọ̀ sí. Bó bá ti ju 20 lọ, kì í ṣe kíkákò nìkan ni ẹ máa bẹ̀rù, olú tó ń jẹ igi rà á náà ti ríbi gbé nìyẹn. Ẹ bi káfíńtà yín bóyá ó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá ní in, ẹ lè ṣe ohun tí mo máa ń ṣe nígbà tí èmi náà kò ní in: ẹ gbé pákó kan sórí ìwọ̀n, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi í sí yàrá tí kọ́bọ́ọ̀dù máa wà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ wá tún un wọ̀n. Bó bá ti fúyẹ́ sí i dáadáa, kò tíì yá fún ayùn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ káfíńtà. Bí ẹ bá dé ilé ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún, ẹ má jẹ́ kí ojú iṣẹ́ tàn yín. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn yàrá dé ìdajì, kí ẹ fi í sílẹ̀. Ilẹ̀kùn tí férémù rẹ̀ dúró ṣánṣán máa dúró síbi tí ẹ fi í sí. Èyí tó bá ń dá rìn, férémù rẹ̀ ti fẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti férémù láti òkè dé ìsàlẹ̀ bóyá ó dọ́gba. Ẹ fa dúrọ́ọ̀ kan jáde pátápátá, kí ẹ wo bí iwájú rẹ̀ ṣe so mọ́ ẹ̀gbẹ́: ṣé ìṣó nìkan ló dè é, àbí wọ́n gé igi méjèèjì wọnú ara wọn? Ẹ fọwọ́ ra abẹ́ pẹpẹ, ẹ wo ẹ̀yìn. Oníṣẹ́ tó bá fara balẹ̀ ṣe ibi tí ojú ò tó, ẹ lè fọkàn tán an fún ibi tí ojú tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọgbọ́n bá onílé yẹn sọ̀rọ̀ nígbà tí káfíńtà ò sí nítòsí. Ẹ bi í bóyá ó dé lọ́jọ́ tó dá. Ẹ bi í bóyá iye tí wọ́n jọ sọ ló gbà níkẹyìn. Ẹ wá bi í pé, nígbà tí nǹkan kan bàjẹ́, ṣé ó padà wá? Ìbéèrè yìí ni mo gbé ga jù gbogbo ìyókù lọ. Kò sí oníṣẹ́ igi tí igi ò já kulẹ̀ rí. Ẹni tó padà wá tún un ṣe, tí kò pariwo, tí kò sì béèrè owó, òun lẹ ń wá kiri. Ẹ dì í mú.

Kí wá ni ká ṣe fún ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀, tí kò tíì ní iṣẹ́ ọdún méjì láti fi hàn? Ẹ má lé e dànù. Ẹ fún un ní ilẹ̀kùn yẹn nìkan. Iṣẹ́ kékeré tó máa parí láàárín ọjọ́ kan máa fi bó ṣe ń wọn nǹkan hàn yín, bó ṣe ń tọ́jú irinṣẹ́, àti bó ṣe ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀. Irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ti di ẹni tí mo ń fọwọ́ sọ̀yà fún lónìí.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ onílé kì í rò. Orúkọ kan ṣoṣo, káfíńtà, la fi ń pe oríṣiríṣi oníṣẹ́. Ẹni tó ń kan òrùlé wà, ẹni tó ń kan pákó tí wọ́n ń da kọnkéré sí wà, ẹni tó ń ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé wà, ẹni tó ń ṣe àga, bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù náà wà. Ẹni tó ń gbẹ́ ọnà sára igi gan-an ni ọ̀rọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà ń tọ́ka sí, ká tó wá fi pe gbogbo wọn. Ojú káfíńtà òrùlé ti mọ́ sẹ̀ǹtímítà, ti oníkọ́bọ́ọ̀dù sì ti mọ́ mílímítà. Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ ẹnì kan fún ẹnì kejì, á gbà á, torí ó ń wá owó, àmọ́ ẹ máa rí i lára iṣẹ́. Mẹ́rin ni iṣẹ́ tí ẹ kà sílẹ̀, mà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ènìyàn méjì lẹ máa pè: ẹnì kan fún etí òrùlé, ẹnì kan fún inú ilé.

Ẹ jẹ́ kí n mú wọn níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè mọ ohun tó yẹ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó bá wá wò ó.

Ilẹ̀kùn tí kì í tì. Bí káfíńtà bá dé, tó sì gbé ìfági lé e lójú ẹsẹ̀, ẹ dá a dúró. Skúrúù hínjì òkè ló yẹ kó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Nígbà tó bá tú, ilẹ̀kùn á so rọ̀ síwájú, igun rẹ̀ á máa ha férémù, ẹ ó rò pé ó wú ni. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí wọ́n fi gúlù lẹ èèkàn igi líle mọ́ inú ihò, kó gbẹ, kí wọ́n wá de skúrúù padà, tàbí kí wọ́n lo èyí tó gùn jù ú lọ. Mo ti rí ilẹ̀kùn tí wọ́n fá lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí skúrúù kan ṣoṣo tó tú. Bó bá sì jẹ́ pé ó wú lóòótọ́ nítorí ọ̀rinrin, ẹ ní sùúrù bó bá ṣeé ṣe, torí ohun tí wọ́n bá fá kúrò nígbà tó wú máa di àlàfo nígbà tó bá gbẹ. Ẹ wo orí ilẹ̀kùn àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni wọn kì í sábà kùn lọ́dà, ibẹ̀ náà lẹnu igi wà, ìyẹn ojú ibi tí ayùn ti gé igi ní ìdábùú, ẹnu yẹn ló sì ń mu omi jù.

Kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Ó dà bíi pé pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀ igi àti gúlù tẹ̀ pọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Bí ihò skúrúù bá ti gbòòrò nínú irú pákó yẹn, dídè é padà síbi kan náà ò ní pẹ́ kó tó tún já. Kí wọ́n dí ihò yẹn, kí wọ́n sún hínjì sókè tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀, tàbí kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ gbé e ró. Bí pákó tó wà nítòsí ibi ìfọ̀wọ́ bá ti wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi, kò sí skúrúù tó máa dúró nínú rẹ̀ mọ́. Kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi pláíwúdù tí gúlù rẹ̀ kì í yọ́ nínú omi rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n sì tún ibi tí omi ti ń jò ṣe kí wọ́n tó kan ohunkóhun.

Etí òrùlé ló le jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí ohun tó jẹrà níta sábà máa ń kéré sí ohun tó jẹrà nínú. Bí ẹnikẹ́ni bá dúró sílẹ̀, tó wo òkè, tó sì dá iye owó lé e, kò mọ ohun tó ń sọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n máa gun àkàbà, á mú irin ṣóńṣó, á máa gún igi náà díẹ̀díẹ̀ títí á fi kan ibi tó le. Á wá ipa ọ̀nà ikán, ìyẹn ìlà amọ̀ tó máa ń gba ara ògiri gòkè. Á tún bi ara rẹ̀ pé, omi yìí, ibo ló ti ń wá? Pákó kì í dédé jẹrà. Ó lè jẹ́ páànù ló lu, ó lè jẹ́ ojú ọ̀nà omi ló dí. Bí wọ́n bá pààrọ̀ pákó tí wọn ò sì dí ibi tí omi ń gbà, owó yín ti di oúnjẹ olú. Kí wọ́n kùn ẹnu pákó tuntun àti ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sókè, torí bó bá ti dókè tán, kò sẹ́ni tó máa lè kùn ún mọ́. Bó bá sì wá hàn pé ìjẹrà náà ti dé ara igi tó gbé òrùlé dúró, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e láìjẹ́ pé ẹnjiníà tó mọ̀ nípa ìdúró ilé ti wò ó. Àwọn igi wọ̀nyẹn ń ti ara wọn lẹ́yìn. Bí ẹ bá gé ọ̀kan, ẹrù rẹ̀ á bọ́ sórí èyí tí kò retí rẹ̀.

Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Ẹ bi káfíńtà pé, kí ló máa fi sí ibi tó fẹ̀? Ìdáhùn tó dára méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni pláíwúdù, tí wọ́n ti to awẹ́ rẹ̀ kọjá ara wọn, tí kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sún kì ní ìbú. Èkejì ni ọgbọ́n àtijọ́ tó ṣì dára jù lójú tèmi: kí wọ́n ṣe férémù, kí wọ́n la ihò gbọọrọ sí inú rẹ̀, kí wọ́n ki pákó àárín bọ ihò yẹn láìfi gúlù lẹ̀ ẹ́. Pákó náà á lè máa wú, á lè máa sún kì, férémù ò sì ní mọ̀. Bó bá ní òun máa lẹ pákó gbooro pọ̀, òun á sì fi ìṣó gbá a mọ́ férémù yíká, ẹ rántí mílímítà 8 yẹn.

Ẹ bi í nípa pẹpẹ náà. Pẹpẹ tó gùn jù máa tẹ̀, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Bí ẹ bá sọ àlàfo tó wà láàárín ohun méjì tó gbé pẹpẹ dúró di ìlọ́po méjì, tí ẹ sì to ẹrù sí i déédéé bákan náà, títẹ̀ rẹ̀ á di ìlọ́po 16. Bí ẹ bá sì sọ nínípọn rẹ̀ di ìlọ́po méjì, á le ní ìlọ́po 8. Fún pákó oníyẹ̀ tàbí MDF (pákó tí wọ́n fi fọ́nrán igi lẹ́búlẹ́bú àti gúlù tẹ̀ pọ̀) tó nípọn ní mílímítà 18, mi ò ní fẹ́ kí àlàfo náà ju mílímítà 600 lọ bó bá máa gbé ẹrù tó wúwo. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú pẹpẹ náà máa ń ràn án lọ́wọ́ gan-an. Kó wọn ìbú ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù máa wọ̀ lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, torí ògiri tó tọ́ gbọọrọ ṣọ̀wọ́n. Téèpù kan náà ni kó lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Ẹ pe ènìyàn mẹ́ta, kí ẹ fi ìwé kan náà hàn wọ́n, kí iye tí wọ́n bá dá lè ṣeé fi wéra. Ẹ ní kí wọ́n ya owó pákó sọ́tọ̀, owó hínjì àti skúrúù sọ́tọ̀, owó iṣẹ́ ọwọ́ sọ́tọ̀. Bí iye ẹnì kan bá kéré jìnnà sí ti àwọn tó kù, ẹ bi í ohun tó yọ kúrò. Ohun kan wà tó yọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìdúnàá-dúrà fún un lọ́rùn títí èrè rẹ̀ á fi tán pátápátá. Ẹni tí kò bá jèrè níbi iṣẹ́ ọwọ́ máa wá a níbi pákó, ẹ̀yin ni pákó náà sì máa bá gbélé.

Fún kọ́bọ́ọ̀dù àti ilẹ̀kùn, iye kan tó dúró ló dára, torí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló hàn sójú. Fún etí òrùlé, ẹ má fi agbára mú un kó dá iye kan ṣoṣo, torí ẹ̀rù ohun tí kò tíì rí máa mú kó fi owó lé e. Kó kọ́kọ́ tú u, kí ẹ jọ wò ó, kí ẹ wá jọ sọ iye tó máa gbà lójúmọ́ àti iye ọjọ́ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá láìsọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ṣì ń dùn mí dòní. Nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́, ìyá kan san gbogbo owó kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan náà, torí ó fọkàn tán mi. Mo jẹ ẹlòmíì ní iṣẹ́ nígbà yẹn, owó rẹ̀ sì ti tán lọ́wọ́ mi. Mo fi owó ìyá yìí ra pákó ẹni àkọ́kọ́. Mo wá ń retí oníbàárà kẹta kí n lè fi tirẹ̀ ra pákó ìyá náà. Nígbà tí mo rí owó, mo ti pẹ́ débi pé mi ò lè dúró de pákó gbígbẹ mọ́. Ohun tí mo gbé fún un kákò kí ọdún tó yí po. Mo padà lọ tún un ṣe, àmọ́ ọ̀nà tó gbà wò mí lọ́jọ́ yẹn kò kúrò lójú mi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn káfíńtà tí ẹ ń pè ní ọ̀dàlẹ̀, inú kòtò yìí ni wọ́n há sí: owó ẹni tó dé lónìí ni wọ́n fi ń parí iṣẹ́ ẹni tó dé lánàá.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí owó yín ṣáájú iṣẹ́ yín. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ tẹ̀ lé káfíńtà lọ ra pákó, kí ẹ san owó fún ẹni tó ń tà á, kí rìsíìtì jẹ́ ní orúkọ yín. Owó iṣẹ́ ọwọ́ ni kí ẹ pín: díẹ̀ nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀, díẹ̀ nígbà tí ara kọ́bọ́ọ̀dù bá ti dúró láìtíì kùn ún, púpọ̀ nígbà tó bá parí. Ẹ wò ó dáadáa kó tó kùn ún, torí lẹ́yìn fánísì, ẹ ò lè rí àwọn oríkèé mọ́. Kí ẹ sì fi ìdá 5 sí ìdá 10 nínú 100 sílẹ̀ tí ẹ ò ní san títí oṣù díẹ̀ á fi kọjá, kí igi lè rí àyè sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ sọ èyí fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má bàa dà bí ẹ̀tàn. Bí ọjọ́ náà bá sì pé, tí iṣẹ́ ò yẹ̀, ẹ fún un ní owó rẹ̀ láìjẹ́ kó béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ṣe ń di oníbàárà tí káfíńtà ń sáré wá bá.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ ojú ewé kan. Kí àwòrán wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀, irú igi, bó ṣe nípọn tó, irú hínjì, irú ọ̀dà, ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó máa parí, ẹni tó máa kó ìdọ̀tí, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí nǹkan bá yẹ̀. Bí ẹ bá yí ọkàn padà láàárín iṣẹ́, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀ pẹ̀lú iye tó fi kún un. Púpọ̀ nínú ìjà tí mo ti bá wọn parí, orí "ṣebí mo ti sọ fún ọ" ló ti bẹ̀rẹ̀.

Lásìkò iṣẹ́, ẹ ṣọ́ra fún ọ̀dà àtijọ́. Bí ilé yín bá ti pẹ́, òjé lè wà nínú ọ̀dà ara ilẹ̀kùn yẹn, eruku rẹ̀ kò sì dára fún ọmọdé rárá. Kí wọ́n fi omi rin ín kí wọ́n tó ha á, kí wọ́n sì ṣe é níta. Eruku igi pàápàá wà lára ohun tí àjọ IARC tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ kà mọ́ ohun tó ń fa àrùn náà, torí náà kí òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi nǹkan bo imú. Bó bá fi òróró linseed, òróró kan tí wọ́n ń fún látinú irúgbìn, pa igi lára, àkísà tó fi nù ún kò gbọ́dọ̀ wà ní ìdìpọ̀, torí ó lè dá gbóná títí á fi gbiná fúnra rẹ̀. Kó tẹ́ ẹ síta kó gbẹ, tàbí kó rì í sínú omi.

Ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀ bó bá jẹ́ ilé mi ni etí òrùlé, torí omi kò ní dúró dè yín. Ẹ pe ẹni tó mọ òrùlé lọ́sẹ̀ yìí, kó tú ibẹ̀ wò. Bó ṣe ń ṣe ìyẹn, ẹ ti lè ra pákó kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, kí ẹ tò ó sínú yàrá náà, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn kàn án títí ìwọ̀n rẹ̀ á fi dúró sójú kan.